Ààwẹ̀ Ìyá àti Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín obìnrin ló ń kọ̀wé yìí láti ilé yín ní Ṣakí. Ìyá wà láàyè, ara wọn sì le. Mo tètè sọ ìyẹn nítorí ẹ kì í fẹ́ kí èèyàn máa lọ́ ọ̀rọ̀ kiri.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tó mú yín lọ ti dé ọ̀dọ̀ Ìyá náà. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi gèlè wọn di orí yín pinpin tí ẹ bá ti oko tábà dé, tí ẹ ó ní oòrùn lásán ni? Nígbà tí dókítà fún yín lóògùn, ẹ lò ó títí ara fi tù yín, ẹ wá pa á tì. Ta ló máa dá yín lẹ́bi? Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wa pé àìsàn náà lè wà níbẹ̀ kára má sì dun èèyàn. Ìdí nìyí tí mo fi dúró ti Ìyá gbọn-in.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku díẹ̀, Ìyá lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Àgọ́-Àmọ̀dú, wọ́n sì gbàgbé oògùn sílé. Bí wọ́n ṣe dé, wọ́n kó èyí tí wọn ò lò mọ́ ti ọjọ́ náà, wọ́n gbé e mì, bí ẹni tó ń san ìrun tó ti kọjá. Wọ́n fẹ́ dìde lórí ẹní lẹ́yìn ìrun alaásárì, òòyì kọ́ wọn, wọ́n sì ṣubú gbì. Bàbá, ẹ̀rù bà mí. Ilé ìdáná ni mo wà tí mo ti gbọ́ ọ. Àbúrò yín, Bàbá Àáfà, bá mi gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ní ó ti lọ sílẹ̀ jù.

“Ìyá, tí ẹ bá gbàgbé ti àná, ẹ fi àná sílẹ̀. Ti òní nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe lo ti ọjọ́ méjì pọ̀, ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín.”

“Ṣé kì í ṣe gbèsè ni?”

“Rárá o, Ìyá. Kì í ṣe gbèsè.”

Ara wọn bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n bí a ṣe délé, wọ́n ní àwọn máa gbààwẹ̀, oògùn a sì dúró títí di ìtúnu. Bàbá Àáfà rán wọn létí pé Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn.

“Ta ni aláìsàn?” Ẹ mọ Ìyá.

N ò bá wọn jiyàn. Ọ̀dọ̀ dókítà ni mo mú wọn padà sí. Ó yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, ó pààrọ̀ oògùn náà sí èyí tí wọ́n lè máa lò lásìkò ìṣínu nìkan, ó sì ní kí wọ́n tètè wá kí òun tún wọn ìfúnpá wọn. Ó wá kìlọ̀ pé tí òòyì bá tún kọ́ wọn, kí wọ́n jáwọ́ nínú ààwẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì máa bọ̀ lọ́sibítù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ń jó bí iná, Ìyá rọra jókòó sílẹ̀ létí ògiri.

“Bù mí lómi.”

Mo sáré bu omi fún wọn. Wọ́n mu ún tán, wọ́n sì wọ bàtà, àwa méjèèjì lọ sọ́sibítù, kò sí àríyànjiyàn. Ṣé ẹ lè gbà á gbọ́, Bàbá? Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, wọ́n bi dókítà léèrè kí wọ́n tó san ààwẹ̀ ọjọ́ náà padà.

Lọ́jọ́ ìtúnu, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn lọ sí Yídì, nínú léèsì aláwọ̀ ewé tí ẹ rà fún wọn. Mo rò ó pé, ká ní ẹnì kan ti bá ẹ̀yin náà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ̀gbẹ́ wọn lẹ ò bá máa rìn?

Wọ́n ń jọ èlùbọ́ níta báyìí, wọ́n ti ń pè mí.

Èmi ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín kò tíì tán lọ́kàn rẹ̀.