Ilẹ̀kùn Tó Bàjẹ́ Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Aya mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ara mi le koko, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Àwọn kọ̀ǹpútà tí mò ń tọ́jú níbí, ìrònú nìkan niṣẹ́ wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ wà nínú ẹ̀rọ ìpamọ́ ní yàrá kejì, wáyà ló so wọ́n pọ̀. Lánàá, ibi tí mo ti ń gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, mo fa wáyà náà yọ. Ogójì kọ̀ǹpútà ò mọ nǹkan kan mọ́, bẹ́ẹ̀ ìkankan wọn ò bàjẹ́. Ọ̀gá mi figbe ta. Mo ní ọwọ́ mi ló yọ̀.

O ní káfíńtà tún wá tún ilẹ̀kùn ṣe. Ó ṣeun. Ilẹ̀kùn wo ló ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù kan? Mo kàn ń béèrè ni o. "Bọ̀dá Káfíńtà" lọmọ wa ń pè é tẹ́lẹ̀. Nínú ohùn àná, "Dádì Káfíńtà" ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ò jowú o. Mo kàn ń ronú níbí ni. Ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo ohun tí mo ní wà.

Bá mi kí ọmọ wa. Bá mi kí Bọ̀dá Káfíńtà náà. Bọ̀dá ni mo wí o.

Èmi ni,
Dádì.