Wáyà Méjì Tí Mo Gé

Ìyẹ́ adìyẹ ni ìyàwó mi ń yìn lọ́jọ́ tí a jọ ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Ó ti fi ìyẹ́ náà gbá eruku kúrò lára fáànù kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, ẹ̀rọ náà kò sì ké rárá títí di ọ̀sán. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ ò wá rí i? Gbogbo ìwé tí ẹ lọ kà lókè òkun, kò tó ìyẹ́ adìyẹ mi." Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹ́ adìyẹ. Èmi ni mo gé wáyà tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ké, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, n kò sì sọ fún un.

Ẹ má bínú pé n kò kí yín kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti darúgbó, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ tó dé.

Ní ìlú Parakou ni, láyé ìjọba Ìyípadà àwọn ológun, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń jẹ́ kàmáràdì, tí a máa ń na ìkúùkù sókè kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi, iṣẹ́ ìjọba ló gbé wa débẹ̀, àdúgbò Ladjifarani la sì ń gbé. Ilé iṣẹ́ wa ló ń kọ iye òwú tí àwọn àgbẹ̀ bá mú wá sínú ìwé. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún wa, òrìdínatẹ̀ là ń pè é nígbà náà. Èmi ni wọ́n rán lọ sí ilẹ̀ òtútù fún oṣù mẹ́sàn-án láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ìyàwó mi ló ń jókòó sídìí rẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́. Fáànù wà nínú rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ohun kékeré kan sì wà níbẹ̀ tó ń mọ ìgbà tí ooru bá pọ̀ jù. Bí ooru bá ti kọjá ààlà, ẹ̀rọ á ké, á sì dá ara rẹ̀ dúró títí yóò fi tutù. Ọgbọ́n tó ní kò ju ìyẹn lọ, síbẹ̀ ó ju ọgbọ́n àwa tó yí i ká lọ.

Ọ̀gá wa kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń dúró sí bí ẹni tó bí i lọ́mọ. Nígbà tí wọ́n ní àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ láti Kútọnu, ó kó wa jọ kó lè fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ dánra wò. Àkókò ọyẹ́ ni, eruku àti òwú ń fò káàkiri, ẹ̀rọ sì ké sí àárín ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Kàmáràdì onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣé ẹ̀rọ àwọn amúnisìn fẹ́ yan iṣẹ́ lódì mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Pa á lẹ́nu mọ́ fún mi!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó ń bẹ̀rù ebi. Ṣé n kò lè sọ fún un pé igbe yẹn ni ìlera ẹ̀rọ náà? Mo lè sọ ọ́. Mo ní ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí ìyàwó mi ti lọ sílé lọ dáná, mo mú ẹ̀mú, mo gé wáyà méjì tó so ohun kékeré tó ń mọ ooru yẹn mọ́ ẹ̀rọ, mo sì dé ìdérí padà. Kí ló dé tí n kò sọ fún ìyàwó mi? Nítorí ó ti sọ fún mi rí pé mo bẹ̀rù ọkùnrin yẹn ju Ọlọ́run lọ, n kò sì fẹ́ fún un ní ẹ̀rí.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ ìyẹ́ adìyẹ yẹn, ìyàwó mi jí pẹ̀lú ọrùn líle. Àrùn tí ọyẹ́ máa ń gbé wá ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Mi ò ní kọ nǹkan kan nípa ọjọ́ mẹ́ta náà.

Kò sẹ́ni tó nu fáànù mọ́. Èmi wà nílé pẹ̀lú àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn. Ọjọ́ kejìlá ikú rẹ̀ ni àwọn àlejò Kútọnu dé. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ kó lè "múra sílẹ̀", ó sì ti na aṣọ pupa tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Ìyípadà sí bo gbogbo fèrèsé, atẹ́gùn kò ríbi wọlé. Òwú dí fáànù, fáànù dúró. Ó yẹ kí ẹ̀rọ ké. Ta ni yóò gbẹnu rẹ̀ ké? Wọ́n ní ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ nípa ìlọsíwájú lọ́wọ́ nígbà tí èéfín jáde lẹ́yìn rẹ̀. Pátákó ńlá inú ẹ̀rọ, tí gbogbo nǹkan so mọ́, ti jóná.

Ọ̀gá nílò ẹni tí yóò di ẹrù lé lórí. Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá pè ọ́ ní ẹni tó ń ba Ìyípadà jẹ́, ẹ̀wọ̀n lè tẹ̀ lé e. Òkú kì í sì wá sí ìpàdé. Ó pe ìpàdé, wọ́n sì ránṣẹ́ pe èmi náà. Ó dìde, ó na ìkúùkù, ó ní, "Kàmáràdì wa ti kú, ṣùgbọ́n ìwà ọ̀bùn rẹ̀ kò kú!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tó jẹun nílé mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, tí wọ́n ń nu ojú gbígbẹ, àwọn ló pàtẹ́wọ́ jù. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé kan ka iwájú mi: pé olóògbé ló jẹ́ kí ìdọ̀tí kún fáànù, pé òun náà ló gé wáyà kí igbe ẹ̀rọ má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní kí èmi ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Bọ́sẹ̀ ọmọ wa nígbà náà. Lónìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Albarika. Ó fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà mi tó ń wo ooru pátákó inú rẹ̀, tó sì ń mú fáànù yára fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ń yọ ní igun ojú ẹ̀rọ. Ó ní, "Bàbá, tó bá ti di pupa, ẹ tètè pa á o, ẹ má ṣe bíi ti Màmá." Ẹ ò rí i? Ọ̀dọ̀ àwọn ará ibi iṣẹ́ wa ló ti gbọ́ ọ. Kò bínú sí ìyá rẹ̀. Ó ní òun ti dárí jì í. Ó ti wá kọ ìwé kékeré kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí ìtọ́jú kọ̀ǹpútà, ìtàn ìyá rẹ̀ ló sì fi ṣe ojú ewé kìn-ín-ní, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Ó gbé e fún mi kí n bá a wo àṣìṣe inú rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ló ń bọ̀ wá gbà á, ọjọ́ Ajé ló ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Mo ti tún gbogbo ojú ewé yòókù ṣe. N kò tíì fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́.

Ọ̀gá yẹn ti kú, wọ́n sì sin ín tayọ̀tayọ̀. Ìjọba yẹn ti lọ. Ta ni mo tún ń bẹ̀rù? Bí mo bá sọ ọ́, ṣé Bọ́sẹ̀ á tún ní bàbá? Bí n kò bá sọ ọ́, ṣé lọ́dọọdún ni àwọn ọmọdé á máa ka orúkọ aya mi ní orúkọ ọ̀bùn, obìnrin tó mọ́ tónítóní ju gbogbo wa lọ? Ṣé kí n kọ òtítọ́ sí etí ìwé náà ni, àbí kí n fi ẹnu sọ ọ́ lójú rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, kí ni kí n ṣe?

Kí ẹ tó dáhùn, ẹ gbọ́ èyí, kí ẹ má baà ṣàánú mi jù. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá Bọ́sẹ̀, kò sí ìwé ìjọba tí mo fọwọ́ sí tí kò bá mi kà kọ́kọ́. Á ní, "Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná." Lọ́jọ́ ìwé ọ̀gá yẹn, kò sí ẹni tí yóò bá mi kà á. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá fún mi ní bíìkì ìkọ̀wé rẹ̀, bíìkì náà kò kọ. Mo fa tèmi yọ lápò, mo gbọ̀n ọ́n, mo sì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀ nìyẹn.