Àwọn Òkú Ará Abà

Ọjọ́bọ̀, Clondalkin

Irọ́ ni wọ́n ń pa kiri mọ́ṣáláṣí pé wọ́n lé mi kúrò ní kíláàsì ìtàn. Kò sẹ́ni tó lé mi. Mo bá olùkọ́ jiyàn lọ́sẹ̀ tó kọjá ni.

Ìwé àtijọ́ tí ìjọ abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ orúkọ àwọn òkú tí wọ́n sin sí là ń dà kọ, torí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìdílé mẹ́ta ń gbé níbi tó jìn gan-an sí abúlé náà, síbẹ̀ inú abúlé náà ni wọ́n ń sin òkú wọn sí. Olùkọ́ ní akọ̀wé àtijọ́ ló ṣàṣìṣe, ká yọ wọ́n kúrò.

Mo ní rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn lè gbé abà títí, ilé la ó sin ín sí. Bá a bá yọ wọ́n, a sọ wọ́n di òkú tí ò nílé nìyẹn.

Kúnlé, ọmọ kíláàsì wa, bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀gbẹ́ni abà! Oko ẹ̀gẹ́ bàbá ẹ kọ́ lèyí o."

Lónìí, olùkọ́ fúnra rẹ̀ mú àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ dé. Ilẹ̀ kékeré kan dá wà láàárín ilẹ̀ ìjọ mìíràn, àmọ́ àwọ̀ ilẹ̀ abúlé inú ìwé yẹn ni wọ́n fi kùn ún, torí ìjọ abúlé náà ló ni ín. Ibẹ̀ gan-an làwọn ìdílé yẹn ń gbé!

Bùrọ̀dá Ràṣídì, tá a jọ wà ní kíláàsì, lu tábìlì: "Àbúrò mi nìyẹn! Kúnlé, ẹnu ẹ dà?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ka àwọn tó wà lẹ́yìn mi, Bùrọ̀dá nìkan ni. Lónìí mi ò kà mọ́.

Olùkọ́ ní kí n fọwọ́ ara mi kọ orúkọ àwọn òkú náà padà sínú ìwé. Mo kọ ọ́ gàdàgbà.