Ọwọ́ Tó Kan Etí

Ọjọ́ Ajé, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì 2025

Wọ́n ti mú un! Mọ́fẹ́yìsára, ọmọ ọmọ mi, kípà tó ń ṣọ́lé bọ́ọ̀lù. Kóòṣì rẹ̀, Adéòjó, ló wá sọ ọ́ nílé wa ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ níbí. Fèrè ni èmi ń pè é, torí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bóyá ó ń fi sùn. Ìdíje ńlá ni, àwọn ọmọbìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Kútọnu ni wọ́n ti máa gbá a. Ọmọ tí wọ́n bí láti 2008 síwájú nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Ó ní kò sí ẹni tó ní irú ọwọ́ Mọ́fẹ́ ní gbogbo Ìkòròdú. Mo ní mo mọ̀. Ọwọ́ yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ó ní òun fẹ́ ìwé ọjọ́ orí rẹ̀. Mo yọ ọ́ nísàlẹ̀ àpótí, mo fún un. Èmi tí mo kàwé dé púrámárì kejì, ìwé ilé mi pé ju ti àwọn oníwèé lọ.

Ọjọ́rú, 6 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò. Igi tutù, ẹja ò gbẹ. Mọ́fẹ́ ń kọrin nídìí ààrò.

Jímọ̀, 8 Ọ́gọ́ọ̀sì

Fèrè padà wá. Kò jókòó. Ó ní ìwé tí mo fún òun sọ pé Oṣù Kejìlá 2007 ni wọ́n bí Mọ́fẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní NIN rẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀, ó ti dàgbà jù nìyẹn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ìyá, ṣé òótọ́ ni ìwé yìí sọ ṣá? Ojú ọmọ yìí ò jọ ti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún." Ó ní òun ti bi Mọ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Mọ́fẹ́ ní ohun tí ìwé Ìyá òun bá sọ ni.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé ń fọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Agnes ará Ìlá, ọ̀kan nínú wọn, ti na etí bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Mo ní, ṣé èmi Mùnírátù ni o fẹ́ pè ní òpùrọ́ nínú ilé tí mo fi ẹja yíyan kọ́? Mo ní kó gbé fèrè rẹ̀, kó lọ fọn ọ́n níbòmíì. Agnes rẹ́rìn-ín. Fèrè ò rín. Ó lọ.

Òpùrọ́ ni mí. Mo kọ ọ́ síbí torí kò sẹ́ni tó máa kà á.

Àbámẹ́ta, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òótọ́ rèé. Oṣù Kejìlá 2009 ni wọ́n bí i, ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀sẹ̀ Kayokayo. Ariwo àjọ̀dún ò jẹ́ ká gbọ́ igbe rẹ̀. Ìyá agbẹ̀bí tó gbà á ti kú. Rodiat tó bí i, ọmọ mi — òun náà ti lọ. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀.

Nígbà tiwa, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn ọmọ kó tó wọ ilé-ìwé. Gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó kan etí òsì. Tèmi ò kàn án. Mo kéré. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi dá mi padà. Ìgbà tó fi máa kàn án, ó ti mọ́ bàbá mi lára kí n máa bá a yan ẹja. Ọdún méjì péré ló fún mi. Ìyókù, kíláàsì àgbà ní mọ́sálásí ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mo ti bímọ mẹ́rin.

Nígbà tí Mọ́fẹ́ pé ọdún mẹ́rin, mo ní èyí ò ní ṣẹlẹ̀ sí i. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ọ lẹ́yìn ààrò. Tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Na ìka. Má rẹ́rìn-ín. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ gùn láti kékeré — ó kan etí! Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí n mú ìwé ìbúra wá. Mo lọ sí kóòtù, mo fi Kùránì búra, mo fi ọdún méjì lé ọmọ náà lórí.

Ọwọ́ yẹn náà ló sọ ọ́ di kípà.

Ọjọ́ Ajé, 11 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mọ́fẹ́ ò jẹun. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń wo eegun ọrùn ọwọ́, ó máa ń sọ bí ọmọ ti dàgbà tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti kọjá ọdún tí wọ́n fẹ́, wọn kì í gbé e débẹ̀.

Mo la ẹnu. Mo ní kó lọ yí ẹja.

Ọjọ́rú, 13 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní Gárèèjì Ìkòròdú agbèrò kan fẹ́ gbé mi wọkọ̀ bí àpò ẹ̀wà, mo ní kó fi mí sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò tíì kú. Orúnkún ń ta mí títí dé Ìtóìkín. N ò gba ọjà ẹja kọjá. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀, wọ́n á bi mí ohun tí mo wá ṣe.

Akọ̀wé kóòtù tí mo bá, ọmọbìnrin kékeré. Mo sọ ọ́ fún un. Ọdún kejìléláàádọ́rin mi láyé, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo máa fi ẹnu ara mi sọ pé mo purọ́. Ó ní, "Bọ́ọ̀lù ni, àbí, Mà?" Mo ní báwo lo ṣe mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó ní èmi ni ẹnì kẹta lọ́sẹ̀ yìí tó wá bu ọdún ọmọ kù, gbogbo wọn ló ní àwọn ṣì í kọ tẹ́lẹ̀. Mo ní òótọ́ ni tèmi. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń wí. "Mà, Kùránì lẹ fi búra ti àkọ́kọ́. Kí la fẹ́ fi búra eléyìí?"

 

Ó ní kí n mú ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i wá. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti wọ ilẹ̀ lọ.

Àbámẹ́ta, 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo bá Fèrè ní pápá, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Ìyá." Irú mo-ti-gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún arúgbó. Ó ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti fi orúkọ ránṣẹ́, wọ́n ti mú kípà mìíràn. Ká ní mo sọ ọ́ ní Jímọ̀ yẹn ni, òun ì bá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo eegun rẹ̀ ná.

Jímọ̀ yẹn. Ojú Agnes ni mo ń wò ní Jímọ̀ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 28 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n gbá mẹ́ta wọlé wa ní Kútọnu. Rédíò Agnes ni mo ti gbọ́. Mọ́fẹ́ ń fọ abọ́, kò yíjú.

Ọjọ́ Àìkú, 31 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n ti lé wa kúrò nínú ìdíje. Ó parí.

Lẹ́yìn oúnjẹ mo pe Mọ́fẹ́, mo sọ fún un: ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ́, èmi ni mo sọ ọ́ dàgbà. Mo rò pé á pariwo. Mo rò pé á bú mi, mo ti múra sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, mo rántí." Ó rántí ẹ̀yìn ààrò. Ó rántí ìka mi lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, bí mo ṣe ń ti orí rẹ̀. Mo ní kí ló wá dé tí o ò sọ fún Fèrè nígbà tó bi ọ́?

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọdún mọ́kànlá ló fi pa á mọ́. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ẹnu mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọmọdé. Mo kàn ń wò ó, ó ń kó abọ́ kúrò níwájú mi pẹ̀lú ọwọ́ gígùn yẹn. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Kò rẹ́rìn-ín.