Òòyà Eyín Erin ti Bàbá Gàrúbà

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ọjà,
                                        Àpòmù,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 1992.

Jọkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Kàdúná ńkọ́? Ṣé bàbá àwọn ìbejì wà dáadáa? Ṣé àwọn ìbejì náà ti ń jẹ́ kí o sùn díẹ̀? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Lẹ́tà tí o fi bá mi kẹ́dùn Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó sì pa mí lẹ́kún. O béèrè bóyá mo ti gba òòyà wọn. Jókòó dáadáa, kí n ròyìn.

O rántí òòyà náà, funfun tó ti ń pọ́n díẹ̀, tí wọ́n ya ẹyẹ méjì sí lórí, tí Ìyá Àgbà máa ń há mọ́ irun lọ́jọ́ Iléyá. Gánà ni wọ́n ti rà á nígbà tí wọ́n ń ṣòwò lọ́hùn-ún. Lóṣù tó kọjá tí mo lọ dirun fún wọn ní Ìkirè, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi í sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní tèmi ni, pé kí n má ṣáà gbé e súnmọ́ iná láéláé. Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo ní kí wọ́n ṣì máa lò ó di ọdún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹbí jókòó láti pín ẹrù. O mọ Bàbá Gàrúbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àwọn tó mọ ohun gbogbo láyé àfi ìgbà tó yẹ kí èèyàn dákẹ́. Wọ́n yí òòyà náà síwá sẹ́yìn, wọ́n ní eyín erin ni, ọwọ́ àgbà ló yẹ kó wà. Mo ní Ìyá Àgbà ti fún mi. Wọ́n béèrè ẹni tó gbọ́. Àǹtí Àrínọlá, àbúrò bàbá mi, ní onídìrí inú ọjà Àpòmù kò lè mọ ìtọ́jú eyín erin. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ mí di òpùrọ́, bàbá mi sì ń wo bàtà wọn. Ó dùn mí, Jọkẹ́.

Kí ó lè dá gbogbo wa lójú, Bàbá Gàrúbà ní àwọn á dán an wò bí wọ́n ṣe ń fi iná dán iyùn wò, torí eyín erin gidi kì í jóná. Mo pariwo pé Ìyá Àgbà kìlọ̀ iná fún mi. Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ ni o máa kọ́ mi ní erin?” Erin tí wọn ò rí rí, àfi lára páálí ìṣáná! Wọ́n ṣá ìṣáná ọ̀hún.

Fùú! Ẹyẹ méjèèjì fò lọ. Irùngbọ̀n Bàbá Gàrúbà sì tẹ̀ lé wọn. Òórùn káfúrà gba gbogbo yàrá, irú èyí tí wọ́n fi wẹ òkú Ìyá Àgbà gan-an. Àǹtí Àrínọlá kúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ ìyá wọn pé àwọn kọ́, Gàrúbà ni. Olúrótìmí, tíṣà sáyẹ́ǹsì tí mo ń dirun fún ìyàwó rẹ̀, ló là mí lóye lọ́jọ́ kejì. Ó ní ike ni, lára àwọn ike tí òyìnbó kọ́kọ́ ṣe, pé òwú àti káfúrà wà nínú rẹ̀, ó sì ń gbaná bíi bẹntiróòlù. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún.

Iná yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tí wọ́n bomi pa á tán, eyín òòyà mẹ́ta péré ló kù. Bàbá Gàrúbà ṣà wọ́n sínú bébà, wọ́n nà án sí mi lójú gbogbo ẹbí, wọ́n ní, “Sàlámọ̀tù, gba òòyà rẹ. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ìyá Àgbà ti fún ọ.” Gbogbo wọn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi náà mi tiwọn.

Bá mi kí bàbá àwọn ìbejì, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ṣì ń bí,
Sàlámọ̀tù.