Koríko Ẹ̀yìnkùlé Ẹ̀gbọ́n Mi

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé òrùlé yín kò jò mọ́? Bí àlàáfíà bá wà níbẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí nǹkan kan bá ń ṣe yín, kí Ọlọ́run ti gbé e kúrò kí lẹ́tà yìí tó dé. Èmi náà wà láyé. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì sì ń bá a kẹ́dùn. Aránṣọ tó wà lójú títì wa ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n rọra máa sọ ọ́, pé ọwọ́ òun kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ.

Mo ti dé láti ibi ìsinmi tí o rán mi lọ nílé ẹ̀gbọ́n mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé ọjọ́ tí a dá, mo sì ti dé. Mo mọ̀ pé ohun tí o fẹ́ bi mí nìyẹn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé fóònù rẹ láti ìjẹta. Ọ̀rọ̀ inú fóònù, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà kọjá, mi ò sì fẹ́ kó já bọ́ sílé onílé.

Mọ́tò gbé wa lọ sí òkè àríwá lọ́hùn-ún títí ilé fi tán, oko tán, ó wá ku igi àti omi àti òtútù. Lẹ́nu ọ̀nà igbó ìjọba, obìnrin kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ó gbé fọ́ọ̀mù kalẹ̀, ó ní kí ni mo wá ṣe. Awakọ̀ bá mi dáhùn pé ìsinmi ni. Obìnrin náà kọ ìsinmi sí i, ó ní kí n tẹ̀ka. Mo ní rárá o, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tẹ̀ka sí ohun tí mi ò ní ṣe rí, kó kọ ìrànlọ́wọ́. Ó ní ẹni tó bá wá ṣiṣẹ́, fọ́ọ̀mù tirẹ̀ yàtọ̀, pé Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń bẹ lẹ́yìn yín. Wọ́n wà lẹ́yìn mi lóòótọ́, wọ́n ń pòṣé. Mo bá tẹ̀ka. Inú mi ò dùn, àtàǹpàkò mi náà sì mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yọ̀ mọ́ mi bí ọmọdé. Ọdún méjìlélógún tí a ti ríra gbẹ̀yìn! O mọ̀ pé nígbà tó fi oko sílẹ̀ lọ ṣe aṣọ́gbó, bàbá wa ní ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó máa wo koríko bó ṣe ń hù, ọ̀lẹ ni. Títí bàbá fi kú, kò fẹsẹ̀ tẹ ilé rẹ̀. Ó ní ilé tí koríko bá yí ká, kò sí ọkùnrin níbẹ̀.

Fóònù tí o rà fún mi kò sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Mo rò pé òtútù ló dí i lọ́fun, mo fi aṣọ òtútù wé e, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, síbẹ̀ kò gbin. Àpótí kékeré kan tún wà lára igi lẹ́yìnkùlé, tí ẹ̀gbọ́n mi so mọ́ ibẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tó bá ń kọjá ló ń rí. Mo bá ń dọ̀bálẹ̀ kí i láràárọ̀, kó má baà lọ ròyìn pé aláìmọ̀wàáhù ni ẹni tó dé.

Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wú. Dókítà ní kò gbọdọ̀ rìn dé inú igbó mọ́, òun tó fi ogójì ọdún gbé nínú igbó! Ohun tó kù fún un ni fèrèsé ẹ̀yìnkùlé. Koríko tó ga dé àyà ló wà níbẹ̀, láti etí igbó títí dé ara ògiri. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, àgbọ̀nrín kan tó ń tiro á gba inú koríko náà wá, òun àti ọmọ rẹ̀. Àlejò ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i. Ẹ̀gbọ́n mi á di ọrùn ọwọ́ mi mú kí n má baà wúkọ́. Èmi ń ro ti ẹran. Òun, omi ló lé ròrò sí i lójú.

Ó di ọjọ́ kan, aládùúgbò gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ku èmi nìkan, ọwọ́ mi sì ti ń yún mí láti ọjọ́ kẹsàn-án. Láti ilé ni mo ti di ọkọ́ mi sínú aṣọ ìsùn tí o rà fún mi. Má bínú, ó ti ya díẹ̀. Mo ní jẹ́ kí n ṣe ẹ̀gbọ́n mi lóore. Mo ro ẹ̀yìnkùlé náà láti àárọ̀ dé ọ̀sán, mo kó koríko jọ, mo dáná sun ún. Ilẹ̀ mọ́ féfé. Mo dúró, mo ń retí oríyìn.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó wo ilẹ̀ náà títí. Ó wá ní Bàbá wa ti dé.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó yìn mí ni. Ìgbà tó wọlé, tó yí àga rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé, ni mo tó mọ ohun tó sọ.

Àlejò kò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, aládùúgbò fi àwòrán tí àpótí ara igi yà hàn mí. Àgbọ̀nrín ló kún ibẹ̀, àwòrán rẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn lọ rẹrẹ, lẹ́yìn náà ni èmi, tèmi tọkọ́, mo dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn mi, ilẹ̀ lásán. Mo purọ́ pé wọ́n ń retí mi lóko. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ̀nà, ó ní mo ṣeun iṣẹ́. Ọpẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ọmọ mi, mo sì ti di ọmọ ìyá àṣetẹ́.

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò gbàdúrà kí koríko hù rí. Ní báyìí, tàárọ̀ tirọ̀lẹ́ ni.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Bá mi wá owó ọkọ̀ àlọ, kí òjò tó dáwọ́ dúró. Bá mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó wà nílùú yín pẹ̀lú, kí o bẹ̀ wọ́n pé mo tẹ̀ka sí ìsinmi, mo lọ ṣiṣẹ́, kí wọ́n má mú obìnrin inú gíláàsì yẹn, kò mọ̀ sí i. Ọkọ́ mi ti wà lọ́wọ́ aránṣọ, ó ti tì í mọ́ àpótí. Mo fẹ́ lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, kí àwa méjèèjì jọ máa wo koríko bó ṣe ń hù.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ. Ohun tí o fẹ́ràn kò ní sá fún ọ, ẹni rere kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́ fún ọ. Wàá dàgbà, wàá rí ẹni bá jókòó. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà igbó, kí obìnrin náà tún kọ ìsinmi sí i. Màá tẹ̀ka, kò sì ní í pè mí lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni bàbá rẹ, olóríkunkun.