Òkèlè Kan Nílé Àbúrò Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹjọ́ ọ̀fun mi ni mo wá rò fún yín. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù mí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ọ̀fun kọ̀. Omi lásán ń ta mí lórí. Ògì ni mò ń mu, tí mo bá sì fẹ́ jẹ iyán, àfi kí n tẹ orí ba, kí n máa gbé e mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jí i jẹ. Mi ò lọ síbi ìnáwó mọ́. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ olóúnjẹ ní Ìdànrè wa, kíá ni wọ́n á ti mọ ohun tó ń rò.

Bí wọ́n ṣe mọ tiyín náà nìyẹn. Nígbà tí ẹ ò jẹun mọ́ nílé àbúrò yín ní Aládé, gbogbo ẹbí ló gbà pé ẹ̀rù májèlé ló ń bà yín, nítorí oko kòkó tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń du. Ẹ ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò yín bínú débi pé kò wá síbi ìsìnkú yín. Ó ń dùn mí dòní.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gun ọ̀kadà lọ bá a kí ìjà náà lè parí. Ó gbé iyán ka iwájú mi, ó kọ́kọ́ bù ú jẹ, ó wá ń wò mí. Bí mo bá kọ̀ ọ́, a di ọ̀tá títí láé nìyẹn. Mo tẹ orí ba, mo gbé e mì. Ó há. Mi ò rí èémí mí. Ó ń gbá mi lẹ́yìn títí òkèlè náà fi jáde.

Ó tẹjú mọ́ mi.

“Ṣé báyìí ló ṣe ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi?”

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá? Lọ́dún tí ẹ lò kẹ́yìn, ẹ máa ń kọ̀yìn sí ilẹ̀kùn mu ògì, ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ dá jẹun. Ẹ máa ń wúkọ́. Ṣé ọ̀fun yín ni? Àbí lóòótọ́ lẹ bẹ̀rù ọmọ ìyá yín?

Mo dá àbúrò yín lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Arúgbó náà bú sẹ́kún, ó fi ọwọ́ tó fi ń jẹ iyán bojú. Tó bá jẹ́ pé irọ́ ni mo pa mọ́ yín, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín lójoojúmọ́.